Mẹ́rin Dín Lógún

“Ẹ sún mọ́ ọn sí i, Bàbá. Kì í bu èèyàn jẹ.”

Akàlà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe gbohùngbohùn tó wà níwájú Bàbá Ewéjẹ́. Láńrewájú ni orúkọ ọmọkùnrin náà, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ìlà tó ń fi iye ọdún tí omi yóò fi wà hàn fún àwọn ìlú orí òkè, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi sọ ọ́ ní Akàlà. Àwa ará Òkè-Ìsun kì í pe oyè náà bó ṣe yẹ. Àkàlà la máa ń pè é, bí ẹyẹ ńlá tí í bá igún jókòó ti òkú, àwọn tó ti jẹ oyè náà ṣáájú rẹ̀ kò sì fura rí pé èébú ni. Èyí fura. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Bàbá Ewéjẹ́ sún mọ́ gbohùngbohùn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òun ni Olùwọ̀n ìlú wa. Òun ló máa ń wọ inú adágún lọ lọ́dọọdún pẹ̀lú ọ̀pá, òun náà ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ bí omi ṣe jìn tó. Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà ni Abọ́sẹ̀dé, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ ló rí. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà sínú.

Níwájú gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn ìjọba ni Pátákó wà, ó fẹ̀ tó ògiri ilé. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú gbọ̀ngàn náà ni Pátákó ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Bí o bá sín, yóò kọ ọ́ pé o sín. Kí a tó wọlé, oníkálukú ti pe orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti da ife omi kọ̀ọ̀kan fún wa. Ẹ̀rọ omi kì í wo ojú, ohùn èèyàn ló mọ̀. Ní ilé, ní oko, ní ọ̀nà, bákan náà ni.

Ìyá Onígọ́tà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. Obìnrin tó ṣolórí àwọn tó gbẹ́ gbogbo gọ́tà tuntun ìlú wa nìyẹn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí òkúta.

“Ṣé Ẹ̀bá-Òkúta ni wọ́n pa orúkọ wọn rẹ́ lókè Pátákó yẹn?”

“Àwọn náà ni.”

“Ọdún mélòó ni ìlà tiwọn lò kó tó kanlẹ̀?”

“Mẹ́jọ.”

“Òfin sì ní kó pé mẹ́wàá.”

“Ó ní mẹ́wàá.”

“Ṣé gbogbo wọn ti ń se omi òkun ní Àgọ́ Iyọ̀ báyìí?”

“Kò tíì sẹ́ni tó tibẹ̀ pe ẹnikẹ́ni.”

Pátákó kọ gbogbo rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ẹ̀bá-Òkúta títí dé orí ẹnikẹ́ni. Akàlà wẹ̀yìn wò wá. A panu mọ́.

“Ẹ máa wí, Bàbá,” Akàlà sọ.

“Omi,” Bàbá Ewéjẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dúró dáadáa. “Omi jẹ́ ogójì.”

Ogójì yọ lójú Pátákó, àmì kékeré kan sì tàn lórí ìlà tó nàró ní apá òsì. Ogójì ẹsẹ̀ bàtà omi tó wà nínú adágún wa nìyẹn. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ní ogójì gbẹ̀yìn.

“Fi mẹ́…” ó wí, ó sì dákẹ́.

Abọ́sẹ̀dé di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń retí, nítorí gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ìjà wọn lórí rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Pátákó kì í ṣe ohun awo. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i nínú ilé rẹ̀. Ìyá ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tiwọn, ohun èlò ọmọ ilé ìwé lásán ni: o tẹ ìṣirò tó o bá fẹ́ sí i, ó ya ìlà rẹ̀ fún ọ, o rí i bó ṣe gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, o ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ, o pa á dé. Àwọn ọmọ míì a máa fi ya òdòdó. Ta ni ìbá mọ̀ pé òun náà ni yóò di adájọ́? Alẹ́ kò lè lẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé má ṣí i sí ara ògiri yàrá bàbá rẹ̀, kí ó sì máa bẹ̀ ẹ́.

“Mẹ́wàá lé mẹ́fà, Bàbá. Ẹ ṣáà sọ pé mẹ́wàá lé mẹ́fà.”

“Ta ní ń jẹ́ mẹ́wàá lé mẹ́fà?”

“Òǹkà tuntun ni. Òun ni ẹ̀rọ mọ̀ jù.”

“Téèyàn bá ti kọjá mẹ́rìnlá, ogún ló ń wò. Mẹ́rin ló kù kí n dé ogún. Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Ṣé kí n wá kọ ẹ̀yìn sí ogún, kí n máa ka ìka bí ọmọ ọwọ́?”

“Ẹ̀rọ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o.”

“Ẹ kọ́ ọ.”

Kí n má parọ́, ẹ̀rọ mọ mẹ́rìndínlógún bí èèyàn bá sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, láìmí sí i. Àmọ́ inú ìwé ni àwọn tó kọ́ ọ ní Yorùbá ti kọ́ tiwọn, ìwé yẹn kò sì sọ fún wọn pé àgbàlagbà a máa sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Abọ́sẹ̀dé mọ èyí, ó sì ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó yá, bàbá náà gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ó sọ mẹ́wàá lé mẹ́fà fún un lẹ́nu ọ̀nà láìṣì í sọ, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ẹni tó kí i. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.” “Mẹ́wàá lé mẹ́fà!” Báyìí la ṣe rẹ́rìn-ín dé gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn fi ọgọ́rin ọdún sọ, ẹnu kì í tètè kọ̀ ọ́.

“Fi mẹ́rin,” Bàbá Ewéjẹ́ wí, ikọ́ sì gbé e. Kì í ṣe ikọ́ ńlá. Ó kàn hú lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Dín lógún, lọ́nà ọdún, kún un. Kí o wá yọ ọdún lọ́nà ọdún kúrò.”

Ẹyin lohùn. Gbogbo wa la rí i nígbà tó balẹ̀. Pátákó kọ ogójì, ó kọ àmì ìròpọ̀, ó ṣí àkámọ́, ó kọ mẹ́rin, ó kọ àmì ìyọkúrò, ó kọ ogún. Àkámọ́ náà wá pa dé, ó di ọ̀kan ṣoṣo:

40 − 16x − x²

Mẹ́rin tí a yọ ogún nínú rẹ̀. Nọ́ńbà náà pé pérépéré, àmì tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló yí padà. Gọ́tà tó yẹ kó máa bu mẹ́rìndínlógún kún omi wa lọ́dọọdún ti ń bu mẹ́rìndínlógún kúrò. Ọdún ni x, x² sì ni ohun tí oòrùn ń fà kúrò nínú adágún, tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìlà pupa yọ láti ibi ogójì, ó dorí kodò bí ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kanlẹ̀ nígbà tí ọdún kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Bàbá Ewéjẹ́ yíjú sí wa, ó ń yangàn díẹ̀.

“Ó ti gòkè, àbí?”



Abọ́sẹ̀dé sáré síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu Akàlà. Ó gba pátákó kékeré tí ọmọkùnrin náà gbé lọ́wọ́, ó ṣí ojú ewé òfìfo kan lórí rẹ̀, ó sì fi ìka tẹ ìṣirò náà bó ṣe yẹ kó rí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹ́rìndínlógún ní àmì ìyọkúrò, kí Akàlà lè rí ìlà tó ṣubú. Lẹ́yìn náà ó fi ìka fa bọ́tìnì abẹ́ rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ní kíláàsì. Bó ti ń fà á ni ìlà náà ń gbé orí sókè bí alángbá. Ó dìde, ó tẹ́jú, ó tún dìde, títí ó fi di òkè. Ó ga jù lọ ní ọdún kẹjọ, kò sì kanlẹ̀ títí ọdún kejìdínlógún fi kọjá.

“Ẹ wò ó,” Abọ́sẹ̀dé wí. “Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Ohun tí wọ́n sọ gan-an nìyí!”

“Mo rí i, Tíṣà.” Akàlà rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé Pátákó ò ní gbọ́. “Èmi náà mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń sọ. Ṣebí ọmọ Yorùbá ni mí.”

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Tún un ṣe nígbà náà.”

“Ohun tí a fọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ìlú kan ti fọwọ́ tẹ irọ́ rí, a ò sì mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dòní. Ẹnu ló ní ẹni tó ni ín. Ẹnu nìkan ni òfin mọ̀.”

“Jẹ́ kí wọ́n tún un sọ.”

“Ẹnu kan, ìlà kan, lọ́dún kan. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé, Tíṣà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

Bàbá Ewéjẹ́ ń wo ẹnu wọn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. “Kí ló dé?” ó bèèrè. “Abọ́sẹ̀dé, kí ló dé?” Ó jókòó sórí àga ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Ṣé kò sí ọ̀nà kankan ni?” Ìyá Onígọ́tà kígbe láti ẹ̀yìn. “Ojoojúmọ́ là ń gbẹ́ gọ́tà! Ọmọ mi ṣẹ́ apá níbẹ̀! Ṣé nítorí ikọ́ kan ṣoṣo la ó ṣe lọ máa se omi òkun?”

Akàlà wolẹ̀. “Ọ̀nà kan wà. Kò wù mí kí n sọ ọ́.”

“Sọ ọ́!”

“Bí ọmọ bíbí inú ẹni tó sọ̀rọ̀ bá jẹ́rìí pé ẹnu bàbá òun ti kú, ìlà tí ẹnu náà fà ti di òfo. Ọmọ náà lè wá fi ẹnu tirẹ̀ fa òmíràn. Ó ní àyè títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé yẹn.”

Abọ́sẹ̀dé bèèrè pé, “Bàbá mi ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ kankan ò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́.”

“Omi ńkọ́?”

“Ọwọ́ ẹ̀rọ ni omi wà, Tíṣà.”

“Màá máa bu nínú tèmi fún wọn.”

“Ìjọba ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀dọ̀ yín. Ilé Ìdákẹ́ ni wọ́n ń kó ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá kú lọ.”

Kò sí ọmọ Òkè-Ìsun tí kò mọ Ilé Ìdákẹ́. Ó wà lójú ọ̀nà tí a gbà wá, ògiri funfun, kò ní fèrèsé, kò sì sí ẹ̀rọ omi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú rẹ̀ a máa yára ẹsẹ̀ ni, èmi náà yára lọ́jọ́ yẹn.

Ojú gbogbo wa wá yí sí Abọ́sẹ̀dé. Mo ti rí ojú burúkú rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó burú tó tiwa lọ́sàn-án yẹn. A ò sọ pé kó ṣe é. A kàn ń wò ó. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sókè díẹ̀ kó lè rí wọn dáadáa. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, oníkálukú sì ń wá ẹni tó máa fi ara rẹ̀ dí ihò náà, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ òun.

Abọ́sẹ̀dé lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Wọ́n rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ kí ni ìwúlò rẹ̀? Pátákó ń kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, orúkọ bàbá, orúkọ ọmọ, àwa sì ń kà á. Ojú ń tì wá, a kò sì lè ṣe kí a má kà á.

“Bàbá, ìlà náà kanlẹ̀.”

“Báwo ló ṣe kanlẹ̀? Ogójì ni mo wọ̀n. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.”

“Kì í ṣe ogójì. Ìkejì ni. Ikọ́ tó gbé yín ló pín in sí méjì, ẹ̀rọ wá gbọ́ ọ sódì.”

Ó ronú díẹ̀. “Ṣé mo ṣì í sọ ni?”

“Ẹ ò ṣì í sọ.”

“Mẹ́rìndínlógún ni mo sọ?”

“Mẹ́rìndínlógún lẹ sọ, Bàbá.”

“Ẹ̀rọ ló ṣìgbọ́ nígbà náà. Kí wọ́n lọ tún etí rẹ̀ ṣe.”

“Wọn ò ní tún un ṣe. Wọ́n ní…” Ó gbìyànjú kó tó lè sọ ọ́. “Wọ́n ní tí n bá jẹ́rìí pé ẹnu yín ti kú, èmi lè tún un sọ.”

Ohùn bàbá náà le.

“Ẹnu mi yìí? Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ? Ẹnu tí mo fi bẹ àna nígbà tí wọ́n kọ̀ láti fún mi ní ìyá rẹ? O fẹ́ dúró níwájú gbogbo ìlú kó o sọ pé ó ti kú, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé n ò ṣì í sọ?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ti máa ń pa á lówe fún àwọn èèyàn. N ò mọ̀ pé èmi ni mò ń pa á fún.”

Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún. Kò bo ojú, kò nu imú, ó kàn ń sunkún bí ọmọdé. Pátákó kọ ọ́ pé: Abọ́sẹ̀dé Ewéjẹ́ ń sunkún. Ìtìjú mú Akàlà, ó fi ara rẹ̀ bo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n Pátákó fẹ̀ jù ú lọ.

Oòrùn ti dé ìdajì fèrèsé. Bàbá Ewéjẹ́ na ọwọ́, ó wá orí ọmọ rẹ̀ rí, ó sì gbé ọwọ́ náà lé e.

“Mélòó ni àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ?”

“Wọ́n pọ̀, Bàbá.”

“Ṣé wọ́n ń sọ mẹ́wàá lé mẹ́fà yẹn?”

“Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́.”

“Ó dáa. Dìde, lọ sọ ọ́, kí n tó tún inú rò. Sì sọ ọ́ sókè. O máa ń jẹ ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti kékeré.”

Abọ́sẹ̀dé dìde. Ó rìn lọ síwájú gbohùngbohùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Akàlà ṣe fi hàn án, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà níta gbọ́.

“Èmi Abọ́sẹ̀dé, ọmọ Ewéjẹ́, mo jẹ́rìí pé ẹnu bàbá mi ti kú.”

Ìlà pupa parẹ́. Bí ẹni gbá ilẹ̀, gbogbo ìṣirò náà parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, Pátákó sì di funfun. Mo gbọ́ tí Ìyá Onígọ́tà ń sọ pé “Ọlọ́run, Ọlọ́run,” lábẹ́lẹ̀.

“Ẹ máa wí,” ẹ̀rọ sọ fún Abọ́sẹ̀dé. Ohùn obìnrin ni ẹ̀rọ náà ní, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì.

“Omi jẹ́ ogójì.”

“Ogójì láti ẹnu ta?”

Abọ́sẹ̀dé wo Akàlà. Akàlà ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Láti ẹnu Olùwọ̀n,” ó dáhùn.

“Olùwọ̀n wo?”

“Bàbá… Olùwọ̀n Òkè-Ìsun. Ewéjẹ́.”

“Kò sí ẹnu bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá a lọ.”

Àwọn àgbà ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní tòótọ́ kò sí ẹni tó ronú kan èyí nínú wa, nítorí kò sí Olùwọ̀n kankan tí ọmọ rẹ̀ tíì sọ di aláìlẹ́nu rí. Ẹnu tó kú kì í kú ti òní nìkan. Gbogbo ohun tó ti sọ ló bá a kú, ogójì sì wà nínú rẹ̀. Mo rí i lójú Abọ́sẹ̀dé pé ó ti yé e. Ó tún yé e pé bí òun bá dákẹ́ níbẹ̀, ìlú ti pàdánù àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, oòrùn sì ti fẹ́ kúrò lójú fèrèsé. Ó ń bá a lọ, ó ń sọ̀rọ̀ gaara bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

“Fi mẹ́wàá lé mẹ́fà, lọ́nà ọdún, kún un. Yọ ọdún lọ́nà ọdún kúrò.”

Fún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rọ ò bèèrè ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́nu gọ́tà ti kà á fún un fúnra rẹ̀, iye nìkan ló sì ń kà, kì í mọ bóyá omi ń wọlé tàbí ó ń jáde.

16x − x²

Ìlà náà sì gbéra. Ọlọ́run mi, ó lẹ́wà! Ó ti ìsàlẹ̀ dìde, ó gun òkè, ó tẹ̀ lórí wẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ẹṣin, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì, jìnnà gan-an, lọ́dún tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa bí ọmọ tiwọn. Gbọ̀ngàn pariwo yè. Ìyá Onígọ́tà gbá mi mọ́ra débi pé egungun mi ró. Àwọn kan ń jó. Èmi náà kígbe, kò sí ohun tí n ó fi bò ó, mo kígbe títí ohùn mi fi há.

Akàlà gbọ́wọ́ sókè. Ó pẹ́ kí a tó dákẹ́.

“Mo ní láti ka ìlà,” ó wí. Ó fi ọ̀pá tó fi ń ka ìlà kan ìdí òkè náà ní apá òsì pátápátá, níbi tí àmì pupa kékeré kan ti ń tàn. “Ìlà Òkè-Ìsun kanlẹ̀ ní ọdún òdo.”

“Kí lò ń wí?” Ìyá Onígọ́tà bi í. “Ṣé o fọ́jú ni? Ó ń gòkè!”

“Ó ń gòkè, Ìyá. Ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.”

“Omi wà nínú adágún! Ogójì! Ẹ lọ wò ó, ẹ lọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́!”

“Ta ló wọ̀n ọ́n?”

Ìyá Onígọ́tà lanu, ó sì pa á dé. Ẹni tó wọ̀n ọ́n jókòó níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá Ewéjẹ́ ò rí àmì pupa náà, ojú rẹ̀ ò ríran débẹ̀. Òkè ńlá yẹn nìkan ló rí, ariwo ayọ̀ wa ló sì gbà gbọ́. Nígbà tí àwọn méjì tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú wọlé láti mú un lọ sí Ilé Ìdákẹ́, kò bá wọn jà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún fìlà rẹ̀ dé, ó gba apá wọn dìde, ó sì dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

“Abọ́sẹ̀dé, o káre. O ò jẹ ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ṣé o rí bó ṣe ga tó? N ò rí i kó ga báyẹn rí láyé mi.”

Ní ẹ̀gbẹ́ Pátákó, kò sí nǹkan kan tó jáde. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó sọ, àmọ́ ibi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà funfun báláú.

“Ṣé ìlú ti là?” ó bi í.

Abọ́sẹ̀dé wo àwa tó wà lẹ́yìn. Mo fi orí ṣàmì sí i pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

“Ẹ̀n, Bàbá. A ti là.”

Bàbá náà dúpẹ́, ó dágbére fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wa, ó sì bá wọn lọ. Ó ń rìn dáadáa. Nígbà tí ó ti jáde tán, ilẹ̀kùn pa dé, ó sì tì.

Lórí Pátákó, ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀ lóun nìkan, pé Ẹ̀n, Bàbá, a ti là, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ti kọ ìbéèrè sábẹ́ rẹ̀, Akàlà sì ní láti kà á sókè, nítorí ẹ̀rọ kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni bí ìbéèrè rẹ̀ kan bá wà nílẹ̀.

“Tíṣà,” ó wí, kò lè wo ojú rẹ̀. “Wọ́n ń bèèrè ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.”

Níta, a ti ń gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó wa lọ sí Àgọ́ Iyọ̀. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé omi ń gbẹ òun, ìyá rẹ̀ sì bo ẹnu rẹ̀ kí Pátákó má bàa kọ ọ́.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kò sí ẹnì kankan,” Abọ́sẹ̀dé wí.

Ilẹ̀kùn sì ṣí fún wa.